Wọ́n bomi sínú mọ́tò olówó ńlá ní Ìpógùn, làṣírí tó wà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì bá tú síta

Bí wọ́n bá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìpógùn lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Kejìlá, ọdún 2023, fún ẹni tí kò sí níbẹ̀, onítọ̀hún máa ní àwàdà ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwàdà o. Ọmọkùnrin kan tí kò ju ẹni ọdún méjìlélógún lọ ló fẹ́ẹ́ torí mọ́tò kan ṣoṣo kó sí gbèsè tóun àti ìyá ẹ̀ kò ní í lè san tán láyé. Wọ́n ti ní kí wọ́n lọ pe ọlọ́pàá wá, ìyá ọmọ ti wà lórí ìkúnlẹ̀, kí Ọlọ́run tó rán bàbá àgbàlagbà kan sí wọn.

Ẹ gbọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá mọ Ìpógùn mọ̀ pé ìlú náà kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́ ló wà, òun àti Ìlárá-Mọ̀kín ni wọ́n jọ wà ládùúgbò kan náà. Ìlárá yìí sì ni ìlú Olóyè Michael Ade-Ojo, ẹni tó dá iléeṣẹ́ Elizade sílẹ̀ lọ́dún 1971, tó fi mọ́tò Toyota títà di ìlú-mọ̀ọ́ká, tó tún wá kọ́ yunifásítì sílé. Nítorí náà, mọ́tò kì í ṣe nǹkan tuntun lójú àwọn èèyàn ibẹ̀. Bí ọdún bá ti ń parí lọ, táwọn ọmọ ìlú ń ti Èkó, Àbújá àti òkè òkun bọ̀ wálé, kò sí irú mọ́tò tójú kì í rí. Àmọ́ mọ́tò tí kò lórí, tí wọ́n ń ká òrùlé ẹ̀ sẹ́yìn bí ìgbà téèyàn ká ẹní, ìyẹn kì í wọ́pọ̀.

Lábẹ́ igi máńgòrò kan létí títì ni ọmọkùnrin náà ti ń fọ mọ́tò. Ó ti jáde girama, kò sí owó tó máa fi wọ ilé ìwé gíga. Ìyá ẹ̀, tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà, ló dá èésú, tí wọ́n fi ra jẹnẹrétọ̀ kékeré kan àti ẹ̀rọ tó ń fi agbára tú omi jáde. Kó tó di ìgbà náà, korobá àti kànrìnkànrìn ló ń lò. Nígbà tí ẹ̀rọ dé, ó dà bíi pé ó ti di ọ̀gá. Bó bá ti tan ẹ̀rọ náà, tí omi ń dún ṣàà, àwọn ọlọ́kadà á dúró máa wòran.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tó ń gbé ọkàn ẹ̀ sókè. Láti ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó jálá epo kan ti ju ìlọ́po méjì lọ. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń dún, owó ló ń jó. Ìyẹn ló jẹ́ kó máa kánjú. Mọ́tò tó yẹ kó lo wákàtí kan lórí ẹ̀, kò ní í ju ogún ìṣẹ́jú lọ tó fi máa ní ó ti mọ́.

Ibi tó wà nìyẹn tí Benz pupa kan fi dúró níwájú ẹ̀.

Ọmọ bíbí Ìpógùn lẹni tó ni mọ́tò náà, Èkó ló fi ṣe ibùgbé. Ìyá ẹ̀ ló kú lọ́mọ ọdún tó ju ọgọ́rin lọ, ọjọ́ kejì, ìyẹn ọjọ́ Ẹtì, ni wọ́n sì fẹ́ẹ́ sin ín. Ọkùnrin náà ti sọ fáwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ pé inú mọ́tò aláìlórí yẹn lòun máa dúró sí tẹ̀lé òkú ìyá òun láti ilé títí dé ṣọ́ọ̀ṣì, tóun á máa juwọ́ sáwọn ará ìlú. Ó ti ṣí òrùlé ẹ̀ láti Àkúrẹ́ kí wọ́n lè rí i bó ṣe ń wọlé. Ọyẹ́ sì ti mú, eruku pupa ti bo mọ́tò náà láti orí dé ẹsẹ̀.

Ó sọ kọ́kọ́rọ́ sí ọmọ náà lọ́wọ́, fóònù ṣì wà létí ẹ̀.

"Fọ̀ ọ́ kó mọ́ dáadáa o. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún ni mo máa fún ẹ."

"Ẹ ṣé, sà. Ẹ má ṣèyọnu, sà."

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n bára wọn sọ ò jù báyẹn lọ. Onímọ́tò kò sọ pé òrùlé wà tí wọ́n ń fà jáde. Afọmọ́tò náà kò sì béèrè. Ó yí mọ́tò náà ká lẹ́ẹ̀mejì, ó ń wá ibi tí orí ẹ̀ wọlé sí, kò rí i. Ó wù ú kó sáré tẹ̀lé ọ̀gá náà, kó béèrè, àmọ́ àwọn ọlọ́kadà méjì jókòó síbẹ̀ tí wọ́n ń wò ó, ojú sì ń tì í. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dá ara ẹ̀ lóhùn nínú ọkàn ẹ̀: ṣebí àwọn òyìnbó tó ṣe mọ́tò yìí mọ̀ pé òjò ń rọ̀? Bí wọ́n bá lè ṣe é láìlórí, a jẹ́ pé wọ́n ti ṣe inú ẹ̀ kó má bẹ̀rù omi nìyẹn.

Ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí máa rò pé ọgbọ́n wà níbẹ̀. Irọ́ gbáà ni.

Ó tan ẹ̀rọ. Ó kọ́kọ́ rọra ṣe é, táyà ló kọ́kọ́ fọ̀, lẹ́yìn ìyẹn ló fọ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Àmọ́ omi ẹ̀rọ kì í ṣe omi àgé. Bó ṣe kan etí ilẹ̀kùn báyìí, ló ta sókè, ló bọ́ sórí àga. Ọmọ náà dúró. Ó wo àga aláwọ tó ti tutù, ó ní ohun tó bá ti tutù ti tutù náà nìyẹn, ló bá da ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun sí i, ó fọ àga, ó fọ ilẹ̀, ó fọ iwájú ibi tí rédíò wà. Nígbà tó máa fi parí, omi ti dúró sí ibi tí dẹ́rẹ́bà ń gbé ẹsẹ̀ sí bíi pé wọ́n gbẹ́ kànga síbẹ̀.

Ẹtù ìyá wọn ti rin gbingbin

Nígbà tí ọ̀gá náà dé, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nítorí bí ara mọ́tò ṣe ń dán. Ìgbà tó ṣí ilẹ̀kùn tó gbé ẹsẹ̀ sínú ẹ̀ lẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn, ló bá lọgun.

Báàgì kan wà nílẹ̀ lẹ́yìn àga. Òfì ìyá ẹ̀ ló wà níbẹ̀, ẹtù àtijọ́ tí ìyá náà ró lọ́jọ́ ìgbéyàwó ẹ̀, tí wọ́n fẹ́ẹ́ tẹ́ sórí pósí lọ́jọ́ kejì. Báàgì ti kún fómi, aró ti ń ṣàn jáde lára ẹtù, ó ti fi àmì búlúù sára kápẹ́ẹ̀tì.

"Ṣé o mọ iye tí mọ́tò yìí jẹ́? Bí wọ́n bá ta ìwọ, ẹ̀rọ ẹ àti ilé bàbá ẹ, kò lè rà á! Ẹ pe ọlọ́pàá fún mi!"

Ọmọ náà kò lè sọ̀rọ̀. Ẹni kan ti sáré lọ pe ìyá ẹ̀. Ìyá náà dé pẹ̀lú ṣíbí ìrẹsì lọ́wọ́, kò béèrè ohunkóhun, ńṣe ló kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ omi ọṣẹ. "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ni. Ẹ forí jì í nítorí ìyá yín tó ń lọ sọ́run."

Ọ̀gá náà kò tilẹ̀ wò ó. Ó ní kóun kọ́kọ́ gbé mọ́tò kúrò níbẹ̀ ná, ó sì na ọwọ́ kó fi kọ́kọ́rọ́ sí i.

"Ọmọ mi, má ṣíná fún un o!"

Gbogbo wọn yíjú. Bàbá kan ló ń bọ̀, ọ̀pá lọ́wọ́. Gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n sí Baba Dẹ́rẹ́bà. Láti ọdún 1976 tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ Òǹdó sílẹ̀, tí Àkúrẹ́ di olú ìlú ẹ̀, ni bàbá náà ti wọṣẹ́ ìjọba, mọ́tò ló wà títí tó fi fẹ̀yìn tì. Lára ohun tí wọ́n fi síkàáwọ́ ẹ̀ láyé àwọn sójà ni mọ́tò aláìlórí tí wọ́n fi ń gbé àwọn ọ̀gá sójà káàkiri pápá bí ayẹyẹ bá wà. Bí ẹ̀yin bá rí i tí ọ̀gá náà dúró gbọnrangandan sínú mọ́tò, tí bàtà ẹ̀ ń dán, Baba ló ti jí ní aago mẹ́rin òru láti nu ibi tó dúró sí.

"Bó o bá tan iná sí i báyìí," Baba wí, "omi á bá wáyà pàdé. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò ìwòyí, abẹ́ àga àti abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń kó wáyà àti kọ̀ǹpútà kéékèèké sí. Ohun tí omi kò tíì bà jẹ́, iná lo máa fi bà á jẹ́. Jẹ́ ká tú orí bátìrì ná."

Wọ́n tú orí bátìrì, apá tó ní àmì àyọkúrò ni Baba ní kí wọ́n kọ́kọ́ tú. Wọ́n wá pe rìwáyà kan láti Àkúrẹ́. Baba kìlọ̀ fáwọn tó ń fi ìbínú fẹ́ẹ́ fa àga tu pé kí wọ́n rọra, pé pílọ́ọ̀gì aláwọ̀ ìyeyè tó wà lábẹ́ àga, airbag ló ń lò ó, ẹni tí kò mọ iṣẹ́ ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Nígbà tí rìwáyà dé, ó dúró fúngbà díẹ̀ lẹ́yìn tí bátìrì ti kúrò, kó tó tú àga. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn.

"Omi òní, ọmọ yìí ló bù ú, omi àná, ìwọ lo ni ín"

Òórùn tó jáde lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì náà, àwọn tó wà níbẹ̀ fi ọwọ́ dí imú. Fóòmù tó wà lábẹ́ ẹ̀ ti dúdú, ó ti ń hu bíi búrẹ́dì ọjọ́ mẹ́fà. Àwọn ìdè àga ti dípẹtà, ìpẹtà náà sì ti nípọn. Baba fi ọ̀pá ẹ̀ tọ́ka sí i.

"Ọ̀gá, aago mélòó lo gbé mọ́tò fún ọmọ yìí?"

"Aago mẹ́wàá kọjá, Baba."

"Báyìí ńkọ́?"

"Ó kù díẹ̀ kó lu méjìlá."

"Ṣé ìpẹtà tó tó báyìí máa ń hù ní wákàtí méjì?"

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Baba ní kí wọ́n ṣílẹ̀ ibi tí òrùlé máa ń ká sí lẹ́yìn. Ihò kéékèèké wà níbẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bí èyí tí wọ́n fi ń fa omi sí aláìsàn lára ní ọsibítù ló sì ti ibẹ̀ lọ sí abẹ́ mọ́tò. Iṣẹ́ ihò yìí ni pé omi òjò tó bá ti orí aṣọ òrùlé ṣàn síbẹ̀, ibẹ̀ ni kó gbà bọ́ sílẹ̀. Baba ti ìka ẹ̀ bọ̀ ọ́, ẹrẹ̀ dúdú ló fi yọ, pẹ̀lú ewé tó ti jẹrà.

"Abẹ́ igi wo lò ń gbé mọ́tò yìí sí l'Ékòó?"

"Igi fúrúùtù kan wà níwájú ilé wa, Baba."

Ọ̀rọ̀ ti yé gbogbo èèyàn. Ewé igi fúrúùtù ti ń bọ́ síbẹ̀ látìgbà pípẹ́, ó jẹrà, ó dí ihò. Láti ìgbà òjò lomi kò ti ríbi gbà jáde mọ́, inú mọ́tò ló ń ṣàn sí, ó ń farapamọ́ sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gá náà wá rántí pé láràárọ̀ ni gíláàsì iwájú mọ́tò máa ń bu òòru láti inú, tóun á máa fi áńkáṣíìfù nù ún. Ó rántí pé òórùn kan wà tí kò lọ. Lọ́fínńdà mẹ́ta ló so mọ́ dígí iwájú, ó rò pé mọ́tò olówó ńlá ló máa ń rùn bẹ́ẹ̀.

Baba kò pariwo. Ó kàn sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé: "Omi òní, ọmọ yìí ló bù ú, ẹ̀bi ẹ̀ ni, kò sì gbọ́dọ̀ sọ pé kì í ṣe òun. Ṣùgbọ́n omi àná, ìwọ lo ni ín. Bó o bá máa pe ọlọ́pàá, sọ fún wọn kí wọ́n wá mú ẹ̀yin méjèèjì."

Àwọn ọlọ́kadà bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà pàápàá fẹ́ẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó rántí ẹtù ìyá ẹ̀, ojú ẹ̀ tún le. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin, tó ti dé síbẹ̀ láti ilé òkú, ló gba ẹtù náà lọ́wọ́ ẹ̀, ó fún omi jáde lára ẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n nù.

"Àbúrò, ṣé omi ló máa pa ẹtù ni? Ṣebí inú ìkòkò aró lòwú tí wọ́n fi hun ún ti jáde. Ìgbà mélòó ni Ìyá fọ èyí lójú wa? Máa bọ̀ nílé, àwọn èèyàn ń wá ẹ." Ó tẹ́ ẹ sórí okùn níbi tí òjìji wà, atẹ́gùn ọyẹ́ sì gbẹ ẹ́ kílẹ̀ tó ṣú.

Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé ọ̀gá náà máa san owó rìwáyà, ọmọ náà kò sì ní í gba kọ́bọ̀, òun ló máa gbẹ mọ́tò náà títí tó fi máa gbẹ, Baba á sì jókòó tì í. Ìyá ọmọ dìde nílẹ̀, ó lọ bu ìrẹsì wá fún gbogbo wọn.

Bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ tómi kò fi ní í wọlé

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni ọmọ náà kọ́ iṣẹ́ tó rò pé òun ti mọ̀. Bó ṣe ń fi táwẹ́ẹ̀lì fa omi, tó ń fún un sínú korobá, ni Baba ń sọ̀rọ̀.

Ohun àkọ́kọ́, Baba ní, ẹnu ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ fífọ mọ́tò aláìlórí, kì í ṣe omi. Béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín: "Ṣé òrùlé ẹ̀ wà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tì í. Ṣé ó ń jò?" Kí òrùlé wà ní títì, kí gbogbo gíláàsì gòkè dópin, kí omi kankan tó kan mọ́tò.

Ẹ̀rọ tó ń fi agbára tú omi, táyà àti abẹ́ mọ́tò ni ibi tiẹ̀. Wọn kì í kọjú ẹ̀ sí òrùlé aṣọ, wọn kì í kọjú ẹ̀ sí ibi tí gíláàsì àti rọ́bà ti pàdé. Rọ́bà yẹn lè dá òjò dúró, torí òjò ń ti òkè bọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, àmọ́ omi ẹ̀rọ máa ń ti ẹ̀gbẹ́ wọlé bí olè. Omi korobá tàbí omi rọ́bà tí kò lágbára ni wọ́n ń dà sí i, láti òkè wá sísàlẹ̀.

Nígbà ọyẹ́, ẹ má fi àkísà gbígbẹ nu eruku. Iyanrìn wẹ́wẹ́ ló wà nínú eruku yẹn, ó máa fi ilà sára ọ̀dà. Ẹ jẹ́ kí omi kọ́kọ́ gbé e lọ. Korobá méjì ni kẹ́ ẹ lò: ọ̀kan fún omi ọṣẹ, èkejì láti ṣan kànrìnkànrìn kó tó padà sínú ọṣẹ. Kànrìnkànrìn náà sì gbọ́dọ̀ rọ̀. Ọṣẹ tí wọ́n ṣe fún mọ́tò ló dáa. Ọṣẹ ìfọṣọ le jù, ó máa ń bó ohun tó ń mú kí ara mọ́tò dán.

Òrùlé aṣọ, búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, kí wọ́n gbá a síbi tí òwú aṣọ náà kọjú sí, kí wọ́n má fi agbára họ ọ́. Bí gíláàsì ẹ̀yìn ẹ̀ bá jẹ́ ọ̀rá, bíi ti àwọn mọ́tò àtijọ́ mìíràn, omi púpọ̀ àti aṣọ múlọ́múlọ́ ni. Bí wọ́n bá nù ún ní gbígbẹ, kò ní í pẹ́ tí kò fi ní í ṣeé wo ẹ̀yìn mọ́. Bí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tán, òrùlé gbọ́dọ̀ wà ní títì títí táá fi gbẹ pátápátá. Ẹni tó bá ká aṣọ tútù pamọ́, ó mọ ohun tó máa bá níbẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta.

Lẹ́yìn náà ni ihò omi. Kí wọ́n ṣa ewé kúrò níbẹ̀, kí wọ́n rọra da omi ife kan sí i, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò bóyá ó ń kán sílẹ̀. Bí kò bá kán, ó ti dí nìyẹn. Kí wọ́n nu rọ́bà etí ilẹ̀kùn, kí wọ́n sì fi gírísì sílíkónì díẹ̀ pa á kó má baà sán. Gírísì ẹ́ńjìnì kò dáa fún un, ó lè ba rọ́bà jẹ́.

"Bí òrùlé ẹ̀ bá ti bà jẹ́ ńkọ́, Baba, tí kò ṣeé tì?"

"Ìyẹn la ṣe nígbà tiwa. Mọ́tò tí mò ń fọ̀ kò lórí rárá." Baba ní tapólì làwọn máa ń tẹ́ bo inú ẹ̀ dé etí ilẹ̀kùn, táwọn á kì í mọ́lẹ̀ dáadáa. Kò sí pé wọ́n ń da omi. Aṣọ tí wọ́n ti rẹ sínú omi, tí wọ́n fún dáadáa tí kò kán mọ́, ni wọ́n fi ń nu ara mọ́tò díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n ṣe ń nu ọmọ ìkókó. Bí aṣọ bá ti dọ̀tí, kí wọ́n mú òmíràn. Inú mọ́tò, búrọ́ọ̀ṣì tàbí ẹ̀rọ tó ń fa eruku ni, lẹ́yìn ìyẹn kí wọ́n fi aṣọ tó tutù díẹ̀ nu àga, kí wọ́n tún fi èyí tó gbẹ tẹ̀ lé e. Àwọ̀ àga kì í fẹ́ omi, kì í sì í fẹ́ oòrùn líle. Abẹ́ òjìji ni kó ti gbẹ. Kápẹ́ẹ̀tì àti fóòmù ni kí wọ́n sá sóòrùn.

Ọmọ náà fọwọ́ kan kápẹ́ẹ̀tì nírọ̀lẹ́. Ó ní ó ti gbẹ. Baba ní kó fọwọ́ tẹ fóòmù ìsàlẹ̀ ẹ̀, omi bá jáde bí ìgbà téèyàn fún ọsàn. "Òkè gbẹ, ìsàlẹ̀ kò gbẹ. Ohun tó tan ọ̀gá ẹ jẹ láti ìgbà òjò nìyẹn."

Òrùlé kékeré, ọ̀rọ̀ ńlá

Ọmọ náà béèrè ìdí tí Baba fi ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ òrùlé tó bẹ́ẹ̀. Baba wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ààrẹ Kennedy ti Amẹ́ríkà fún un, pé ọ̀rọ̀ ṣíṣí àti títì òrùlé mọ́tò wà nínú ìtàn ayé. Lọ́jọ́ kejìlélógún oṣù Kọkànlá, ọdún 1963, òjò rọ̀ láàárọ̀ ní ìpínlẹ̀ Texas. Òrùlé oníke tó mọ́ gaara kan wà tí wọ́n lè gbé ka orí mọ́tò Lincoln tí ààrẹ náà máa gùn ní ìlú Dallas. Ìgbà tí òjò dá, tí oòrùn yọ, wọ́n ní kí wọ́n má lò ó, kí àwọn èèyàn lè rí i. Inú mọ́tò aláìlórí yẹn ni wọ́n ti yìnbọn pa á. Òótọ́ ni pé òrùlé náà kì í ṣe èyí tí ìbọn kò lè wọ̀, kò sẹ́ni tó lè búra pé ó máa gbà á là. Ṣùgbọ́n títí dòní làwọn èèyàn ń béèrè pé bí wọ́n bá ti tì í ńkọ́.

"Ṣé o rí i?" Baba wí. "Ó ṣí ni o, ó tì ni o, kẹ́nì kan ti béèrè ná."

Ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì mọ́, òrùlé Benz náà ṣì tutù. Rìwáyà ti wo ìwé mọ́tò náà, ó ti fọwọ́ fa òrùlé jáde láìtan iná, ó wà ní títì lábẹ́ igi máńgòrò, kò ṣeé ká, bẹ́ẹ̀ ni mọ́tò kò ṣeé ṣí iná fún. Ọ̀gá tó fẹ́ẹ́ dúró sínú mọ́tò máa juwọ́ kò rí mọ́tò dúró sí mọ́. Ẹsẹ̀ ló fi rìn. Òun àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ jọ tẹ̀ lé pósí tí ẹtù ìyá wọn wà lórí ẹ̀, eruku pupa ń bo bàtà ẹ̀. Àwọn ìyá àgbà tí wọ́n jókòó síwájú ilé ń dìde, wọ́n ń dì mọ́ ọn, wọ́n ń pè é lórúkọ tí ìyá ẹ̀ máa ń pè é. Ó sunkún lọ́nà náà. Nígbà tó yá, ó sọ fún Baba pé ká ní inú mọ́tò lòun wà ni, kò sẹ́ni tí ọwọ́ ẹ̀ ì bá tó òun.

Ọjọ́ Ajé ni mọ́tò náà tó gbẹ. Wọ́n dá àga padà, wọ́n de bátìrì, wọ́n ṣíná fún un, ó dáhùn. Ọ̀gá náà fún ọmọ náà ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún tó ṣèlérí. Ọmọ náà kọ̀ ọ́, ó ní àdéhùn kọ́ nìyẹn. Ìyá ẹ̀ ló fọwọ́ tọ́ ọ pé kó gbà á, kó dọ̀bálẹ̀.

Lọ́jọ́ kejìlá oṣù Kẹfà, ọdún 2024, tí wọ́n ń ṣe àyájọ́ ìjọba àwa-ara-wa ní Eagle Square l'Ábùújá, ẹsẹ̀ Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú yọ̀ níbi tó ti ń gun mọ́tò aláìlórí tó fẹ́ẹ́ fi yẹ àwọn ọmọ ogun wò. Lálẹ́ ọjọ́ náà, òun fúnra ẹ̀ fi ṣàwàdà pé òun dọ̀bálẹ̀ ni, bó ṣe yẹ ọmọ Yorùbá. Gbogbo ayé ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń rẹ́rìn-ín náà lábẹ́ igi máńgòrò ní Ìpógùn. Baba Dẹ́rẹ́bà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní: "Mọ́tò aláìlórí, kò sẹ́ni tí kì í kọ́ lọ́gbọ́n, àtẹni tó ń gùn ún, àtẹni tó ń fọ̀ ọ́."

Ẹ̀rọ omi náà ṣì wà lọ́wọ́ ọmọkùnrin náà, àmọ́ kì í tan án kíá mọ́. Bí mọ́tò bá dúró níwájú ẹ̀, ì báà jẹ́ Benz, ì báà jẹ́ kẹ̀kẹ́ Màrúwá tí tapólì bo orí ẹ̀, ó máa ń kọ́kọ́ nu ọwọ́ ẹ̀ gbẹ, á lọ bá ẹni tó ni ín, á ní: "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ibo ni kómi má dé?" Àwọn kan máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kò dá wọn lóhùn. Ó mọ iye tí ìbéèrè tí kò bèèrè lọ́jọ́sí fẹ́ẹ́ ná òun àti ìyá ẹ̀, ó sì mọ̀ pé abéèrè kì í ṣìnà.